Aṣọ Tí Mo Dá fún Afẹ́fẹ́ Tútù

Orin ni ọkọ mi fi ń jẹun. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Láti ọdún méjì sẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá a dùbúlẹ̀, kò sọ̀rọ̀ mọ́, apá ọ̀tún kò gbé nǹkan mọ́, ẹnu náà kò sì gbà láti là fún ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì fi ṣíbí kàn án létè, ó dijú. Ṣọládé ọmọ wa bẹ̀ ẹ́ títí omi fi ń bọ́ lójú òun fúnra rẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Ní ọjọ́ kẹrin tí kò jẹun, àárẹ̀ mú mi, mo gbé abọ́ ẹ̀kọ lé itan, mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin fún ara mi, nítorí bí ó bá ṣe ń rẹ̀ mí tó ni orin ń wá sí mi lẹ́nu tó:

Ṣíbí kan ń bọ̀ lódò,
Ó gbẹ́ja bọ̀ wálé.
Ta ni yóò ṣílẹ̀kùn?
Oyè ni yóò ṣílẹ̀kùn.

Bí mo ṣe dé ibi "Oyè", ẹnu là. Oyèbámijí lorúkọ rẹ̀. Lójú ayé, Bàbá Ṣọládé ni mò ń pè é láti àádọ́ta ọdún. Inú orin nìkan ni mo ti lè dá orúkọ ọkọ mi. Mo sáré ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó gbé e mì. Mo tún dá orin, ẹnu tún là.

Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ sí mi lọ́rùn nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ṣíbí mẹ́rìnlá ní ìjókòó kan, ṣíbí kan, orin kan. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mí. Kí n yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí n nù ún, kí n fi ìpara pa á lẹ́yìn, kí n gbé orí rẹ̀ sókè, kí n tó wá jókòó máa lé orin. Nígbà tí mo bá fi máa nà án padà sílẹ̀, kí èmi náà fẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀sán ti pọ́n, ìkòkò ti ń wò mí lójú. Egungun mi ń dún bí àga àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, inú mi ń dùn. Obìnrin mélòó ni ọkọ wọn ṣì ń tẹ́tí sí ní ọjọ́ ogbó?

Yàrá kan àti pálọ̀ ni a ń gbé ní Ìkòsí, ilé ìsàlẹ̀. Sàfúrátù aránṣọ ni aládùúgbò wa lódìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló ń jí mi láràárọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún yìí, ooru mú débi pé ara ògiri ń gbóná bí ẹ̀yìn ààrò. Ẹ̀yìn Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ṣọládé wá láti Magodo ní ọjọ́ Sátidé kan, ó fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn bàbá rẹ̀, ó jáde. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, òun àti ọkùnrin méjì gbé ẹ̀rọ amúlétutù wọlé, wọ́n kàn án mọ́ ògiri òkè ibùsùn. Nígbà tí afẹ́fẹ́ àkọ́kọ́ bà mí lọ́rùn, mo jó. Mo jó yí ibùsùn ká, Bàbá ń fi ojú tẹ̀lé mi:

Ọmọ mi rafẹ́fẹ́ fún mi o,
Ọmọ mi rafẹ́fẹ́.
Ẹni tó ní wọn kì í tafẹ́fẹ́,
Kó wá yàrá mi wá wò.

Ṣọládé na ọwọ́ kí ó bó ọ̀rá tí wọ́n fi wé ara ẹ̀rọ náà. Mo gbá a lọ́wọ́.

"Mọ́mì, wọ́n máa ń yọ ọ́ ni."

"Ta ni 'wọ́n'? Ṣé àwọn ni ọmọ rà á fún? Fi í sílẹ̀, kó má bàa tètè gbó."

"Kò ní lè mí dáadáa báyìí, Mọ́mì."

"Ìwọ ni kó o mí. Òun ṣì jẹ́ tuntun."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi í sílẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀, nílé tèmi, nǹkan kì í wà níhòòhò. Tẹlifíṣọ̀n ní ìbòrí funfun tí mo fi ọwọ́ ara mi hun. Fíríìjì ní ti orí, ó ní ti ọwọ́ ìlẹ̀kùn. Rédíò Bàbá ní tirẹ̀. Ohun tí ọmọ bá fi òógùn ojú rẹ̀ rà fún ni, a kì í fi í sílẹ̀ fún eruku. Mo gba ẹyọ léèsì aláwọ̀ ojú ọ̀run kan tó kù lára aṣọ oníbàárà lọ́wọ́ Sàfúrátù, mo ní kó rán an ní ìwọ̀n ẹ̀rọ, kó fi rọ́bà sí etí rẹ̀ yípo kó lè gbá a mú dáadáa.

"Ìyá, AC lẹ fẹ́ wọ aṣọ fún?"

"Ṣé kò tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ó tó o. Ó kù kí ẹ wá fìlà fún un."

Bí mo ṣe ń lò ó rèé. Tí mo bá tàn án, mo gun àpótí, mo ká aṣọ náà sókè. Tí yàrá bá ti tutù, mo pa á, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni mo fa aṣọ náà bò ó padà. Bí a ṣe ń dé ìkòkò kí ooru má bàa sá lọ, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń dé ẹ̀rọ kí òtútù má bàa sá lọ. Mo ki àkísà sí gbogbo àlàfo fèrèsé. N kò ṣí wọn mọ́. Òórùn kan wà nínú yàrá náà tó bá yá, òórùn bí ilẹ̀ abẹ́ àmù, kò sì bà mí nínú jẹ́ rárá. Mo ti wọ ilé ìfowópamọ́ rí. Mo ní bí òtútù olówó ṣe ń rùn nìyẹn.

Nígbà tí òjò oṣù keje bẹ̀rẹ̀, ikọ́ dé. Ikọ́ gbígbẹ ni, tí í jẹ ni lọ́fun bí ẹni gbé eegun ẹja mì. Bàbá náà ń húkọ́, ojú rẹ̀ ń ṣomi. Mo ní òjò ni. Lẹ́yìn náà ni ohùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Mo máa ń jí láàárọ̀, n óò la ẹnu láti kí Bàbá, ohun tó ń jáde á dà bíi ìlẹ̀kùn tí kò rí òróró. Mo jẹ orógbó títí ahọ́n mi fi kú. Mo lá oyin. Mo se àtalẹ̀, mo fi omi iyọ̀ fọ ọ̀fun. Ọkùnrin tó ń ta oògùn ní Kétu fún mi ní èyí tó pupa, ó fún mi ní èyí tó funfun.

Bàbá sì ń fetí sílẹ̀. Mo ń dá orin, kò mọ orin náà mọ́. Ó ń wo ẹnu mi bí ẹni ń wo àlejò. Ṣíbí mẹ́rìnlá di mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án di márùn-ún.

Ṣọládé wá orin mi àtijọ́ jáde nínú fóònù rẹ̀, ọ̀kan tó gbà sílẹ̀ ní ọdún tó kọjá. Ohùn mi dùn nínú rẹ̀, ẹ̀rín ara mi pa mí. Bàbá wo fóònù, ó wo mí, ó tún wo fóònù. Ẹnu kò là. Sàfúrátù ní kí òun gbìyànjú. Ó kàn kọ ìlà kìíní, Bàbá fi eyín há ṣíbí mọ́, kò fi í sílẹ̀. A fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ṣíbí náà gbà.

"Ìyá, ọkọ yín kò fẹ́ mi."

"Ohùn rẹ ni kò fẹ́. Bíi ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ ló rí."

A rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó lọ tán, mo jókòó ti ibùsùn, mo wo ọ̀fun Bàbá tó ti ń gbẹ, n kò rí ẹ̀rín mọ́.

Ní oṣù kẹjọ, ẹ̀rọ iná àdúgbò wa bú gbàù. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni a kò fi rí iná. Yàrá gbóná, a gbé Bàbá sórí mátírẹ́ẹ̀sì ní pálọ̀, a ṣí ìlẹ̀kùn iwájú àti tẹ̀yìn sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ikọ́ dẹwọ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo kọrin, ohùn jáde, kò mọ́ tó tàtijọ́, ṣùgbọ́n ohùn mi ni. Bàbá jẹ ṣíbí mẹ́jọ. Mo yin oyin náà lógo, mo ra ìgò kejì.

Iná dé. Inú mi dùn, mo tan afẹ́fẹ́ tútù fún Bàbá, a padà sí yàrá wa. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ohùn ti lọ pátápátá. Èémí lásán ló ń jáde lẹ́nu mi. Bàbá jẹ ṣíbí mẹ́ta láàárọ̀, kò jẹ nǹkan kan lálẹ́.

Ọjọ́ Túsìdeè ni nọ́ọ̀sì wá wò ó. Ó fi ìka fa awọ apá rẹ̀, awọ náà kò padà kíá. Ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Màmá, ara bàbá ń gbẹ. Ẹ máa fi omi àti ògì kán an lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Tí kò bá tíì máa jẹun dáadáa ní ọjọ́ Mọ́ńdè, kí wọ́n gbé e wá sí ọsibítù. A máa ki rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú, ibẹ̀ ni oúnjẹ á máa gbà."

"Fún ọjọ́ mélòó?"

Ó kàn di àpò rẹ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ọkùnrin tí kò ní ohun kan tó ń ṣe fúnra rẹ̀ mọ́ ju kó la ẹnu sí orin ìyàwó rẹ̀. Tí wọ́n bá gba ìyẹn, kí ló kù láàárín èmi àti òun?

Ní ọjọ́ Wẹ́sidé, Sàfúrátù gbé omi gbígbóná wá fún mi. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó fi ọwọ́ bo imú.

"Ìyá, ẹ má bínú o. Yàrá yín ń rùn."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nu Bàbá ni."

"Kì í ṣe Bàbá. Ó ń rùn bí aṣọ tí òjò pa, tí wọ́n ká pọ̀ tí wọn ò sá. Ó ti pẹ́. Mo ń tijú láti sọ ọ́."

Ara mi gbóná. Mo ní, pẹ̀lú ìwọ̀nba ohùn tó kù fún mi, "Ìwọ tí o kò ní afẹ́fẹ́ tútù, báwo lo ṣe mọ bó ṣe ń rùn?"

Ó gbé omi sílẹ̀. Mo rò pé ó máa lọ, kò lọ.

"Ẹ bú mi tán. Nígbà tí kò sí iná, ta ló ń kọrin tí mò ń gbọ́ láti ọ̀dọ̀ mi? Ẹ̀yin ni. Nígbà tí iná dé ńkọ́? Ṣé iná ló ń gba ohùn yín ni?"

Mo gbójú sókè wo ẹ̀rọ náà nínú aṣọ rẹ̀ aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ó gún régé, ó dà bí ọmọ tí a múra fún ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní, "Lọ bá mi pe ẹni tó ń tún un ṣe."

Reuben ni ẹni náà, ọkùnrin sísanra kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ẹ̀gbẹ́ òpópónà Dẹ́múrin. Ó dé ní ọ̀sán ọjọ́ Tọ́sìdeè pẹ̀lú àkàbà, ó kí Bàbá bí ẹni pé Bàbá máa dáhùn, ìyẹn jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀. Ó wá gbójú sókè.

"Ta ló wọ aṣọ fún un?"

"Èmi ni."

"Ó dáa. Ṣé ẹ ti sọ ọ́ lórúkọ?"

Sàfúrátù bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. "Èmi ni mo rán an o, ẹ̀yin ẹ́ńjíníà. Ẹ rọra fà á."

Reuben bọ́ aṣọ náà, ó yí inú rẹ̀ síta. Ẹ̀rín Sàfúrátù dá. Inú léèsì náà kún fún nǹkan dúdú tótòtó, bí ẹni fọ́n irúgbìn tẹ̀tẹ̀ sí i. Ó fa ọ̀rá ya. Omi wà láàárín ọ̀rá àti ara ẹ̀rọ, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí ẹnu ẹ̀rọ náà, ó tan iná fóònù sínú.

"Ìyá, ẹ gun àpótí yín, kí ẹ wá fojú ara yín rí i."

Mo gùn ún. Lẹ́yìn ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, fáànù gbọọrọ kan wà níbẹ̀. Ó yẹ kó funfun. Dúdú ni, ó ní irun wúlẹ́wúlẹ́ lára bí ẹ̀yìn ológbò. Òórùn ilẹ̀ abẹ́ àmù náà gbá mi nímú, mo húkọ́ títí Sàfúrátù fi dì mí mú níbàdí.

"Ó ti bu," ni Reuben wí. "Ṣé ẹ mọ búrẹ́dì tí a bá dì sínú ọ̀rá tí ọ̀rinrin rẹ̀ kò ríbi jáde? Bó ṣe ń bu nìyẹn. AC máa ń làágùn nínú nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ pa á, òógùn kò tíì gbẹ, ẹ ti wọṣọ fún un. Fèrèsé kò ṣí. Nígbà tí ẹ bá tún tàn án, gbogbo bíbu yẹn ló ń fẹ́ sí yín lọ́fun. Èwo wá ni ti orógbó tí aládùúgbò yín ní ẹ ń jẹ?"

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó sórí àpótí náà. Ọwọ́ tí mo fi ń kẹ́ ẹ ni mo ń wò. Oṣù mélòó ni mo ti ń gun àpótí yìí pẹ̀lú orókún tó ń ro mí, tí mò ń fa aṣọ bo ohun tó ń gba ohùn mi, tó ń gba oúnjẹ lẹ́nu ọkọ mi? Bí ó bá jẹ́ ìmẹ́lẹ́ ni, kì bá dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Mo sún mọ́ ibùsùn, mo ní, "Bàbá Ṣọládé, èmi ni mo ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́." Ó ń wo òrùlé.

Reuben àti Sàfúrátù gbé Bàbá lọ sí pálọ̀. Reuben ní kí n má ṣe wọlé, pé eruku rẹ̀ máa tú. Ó pa iná rẹ̀ láti ara ògiri, ó fi aṣọ di imú, ó so ọ̀rá ńlá kan sábẹ́ ẹ̀rọ bí a ṣe ń so aṣọ sí ọmọ lọ́rùn kó tó jẹun. Mo ń yọjú láti ẹnu ọ̀nà. Omi ọṣẹ ló fi ń fín in, omi tó ń ṣàn jáde dúdú bí omi tí a fi fọ ìdí ìkòkò iná igi. Korobá méjì kún. Ó fọn rọ́bà tó ń gbé omi jáde sẹ́yìn ilé, ohun kan tó ń yọ̀ bí ilá já bọ́ láti inú rẹ̀.

"Omi kò ríbi lọ rárá," ló wí. "Inú rẹ̀ ló dúró sí."

Ṣọládé pe fóònù mi lásìkò yẹn. Sàfúrátù ló bá mi gbé e, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi iyọ̀ sílẹ̀. Ó wá jẹ́ kí fóònù máa dún síta, ó gbé e sí mi lẹ́nu.

"Mọ́mì, mo ní kí ẹ jẹ́ kí n yọ ọ̀rá yẹn lọ́jọ́ yẹn."

"O sọ ọ́."

"Ẹ gbá mi lọ́wọ́."

"Mo gbá ọ. Wá gbá mi padà."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n ra òmíràn."

Reuben gbọ́ ọ lórí àkàbà, ó pariwo: "Ọ̀gá, kò nílò òmíràn! Ìyá ló nílò kí wọ́n gba aṣọ lọ́wọ́ wọn!"

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tó ti nu gbogbo rẹ̀ tí ó gbẹ, ó pè mí, ó ní kí n fọwọ́ kan asẹ́ inú rẹ̀, ohun pẹlẹbẹ kan tó dà bí asẹ́ ògì. "Èyí ni ẹ máa fà yọ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ kí ẹ tó dá a padà."

"Tí n kò bá bò ó, eruku ńkọ́?"

"Asẹ́ ni wọ́n ṣe fún eruku. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀."

"Òtútù ńkọ́, kò ní sá lọ?"

Ó wò mí, ó wo Sàfúrátù. "Ìyá, òtútù kì í gbé inú rẹ̀. Iná ló ń ṣe é. Tí ẹ bá fẹ́ pa á, ẹ kọ́kọ́ tẹ ibí yìí lórí rìmóòtù, kó máa fẹ́ afẹ́fẹ́ lásán fún bí ìdajì wákàtí, kí inú rẹ̀ gbẹ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá pa á."

"Tí iná bá kàn já ńkọ́? Ìkòsí là ń gbé o."

"Tó bá dé padà, afẹ́fẹ́ lásán ni kí ẹ kọ́kọ́ tàn. Láràárọ̀, ẹ ṣí fèrèsé. Tí ẹ bá tún gbóòórùn yẹn, tàbí ẹ rí dúdú, tàbí ikọ́ tó ń wá nílé tó ń lọ níta, ẹ pè mí. Ẹ má fi lọ́fínńdà fín in. Mo mọ̀ yín."

Lóòótọ́, ó ti wà lọ́kàn mi.

"Ohùn mi ńkọ́? Ọ̀la ló máa dé?"

Ó ká àkàbà rẹ̀. "Ìyá, AC ni mò ń tún ṣe. N kì í tún ọ̀fun ṣe."

Ó lọ. Sàfúrátù ká léèsì náà mọ́ra, ó ní òun máa sun ún, òun kò ní jẹ́ kí n fọ̀ ọ́ pa mọ́. N kò bá a jà.

Ọjọ́ Fráìdeè, ohùn kò wá. Mo fa gbogbo àkísà yọ lára fèrèsé, ariwo òpópónà wọlé, eruku wọlé, mo jẹ́ kó wọlé. Mo fi ṣíbí kékeré kán omi sí Bàbá lẹ́nu láti ẹ̀gbẹ́ ètè, ìdajì rẹ̀ ń ṣàn sí ìrọ̀rí. Ọjọ́ Sátidé, ikọ́ dín kù. Mo dákẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, mò ń ṣọ́ ohùn mi bí ẹni ń ṣọ́ iná tó fẹ́ kú. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, n kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbìyànjú ìlà kan. Ó ya láàárín. Bàbá yí ojú kúrò. Mo gbé ẹ̀kọ náà lọ dà nù, mo fọ abọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, n kò mọ ohun tí mò ń fọ̀. Ṣọládé ti tẹ̀ mí láago, pé aago mẹ́wàá àárọ̀ Mọ́ńdè lòun máa gbé mọ́tò dé.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, mo jí, ó rẹ̀ mí bí ẹni pé n kò sùn. Mo ṣí fèrèsé. Mo nu Bàbá, mo wọ ẹ̀wù tó mọ́ fún un, èyí tó máa wọ̀ lọ sí ọsibítù. Mo po ògì, mo bu wàrà sí i, mo tún bu omi ọbẹ̀ ẹja odò Agbóyì díẹ̀ sínú abọ́ kejì, nítorí ó fẹ́ràn rẹ̀. Mo gbé orí rẹ̀ sókè. N kò retí nǹkan kan. Mo kàn jókòó síbẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti ń jókòó láràárọ̀.

Mo rẹ orin náà sílẹ̀ gan-an, nísàlẹ̀, níbi tí ohùn àgbà ọkùnrin ń gbé. Ṣíbí kan ń bọ̀ lódò. Ó jáde. Ó kàn gbọ̀n díẹ̀. Ó gbẹ́ja bọ̀ wálé. Bàbá yí ojú sí mi. Ta ni yóò ṣílẹ̀kùn? Mo dé ibẹ̀, èémí tán. Kò sí nǹkan kan mọ́ nínú àyà mi. N kò tíì dé orúkọ rẹ̀.

Ẹnu ti là.

Ó là á sílẹ̀, ó ń wò mí. Mo ti ṣíbí bọ̀ ọ́. Ó pa ẹnu dé, ó gbé e mì. Mo tún dá a. Mo tún já síbẹ̀. Ẹnu tún là.

Ṣọládé bá wa ní ṣíbí kẹfà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, mo gbé ọwọ́ dá a dúró. Mo ṣì ń wá èémí. Àyà mi ń lọ sókè, ó ń lọ sísàlẹ̀, orin ti já sí mi lẹ́nu. Bàbá kò pa ẹnu dé. Itọ́ ń ṣàn sí i ní àgbọ̀n, ojú rẹ̀ kò kúrò lára mi, ó ń dúró dè mí.

Ṣọládé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

Mo rí èémí. Mo ní, "Oyè ni yóò ṣílẹ̀kùn."